Ẹ̀rọ tó ń gbé apá dúró: ṣé kò ní da iṣẹ́ iṣan rú?

POP Mólípà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ POP ni mò ń ṣe n'Ìjẹ̀bú-Òde. Iléyá ti sún mọ́lé, Ojúde Ọba sì ń tẹ̀ lé e, gbogbo oníbàárà ló fẹ́ kí àjà ilé òun ti dán kí àlejò tó wọlé. Láti àárọ̀ dalẹ́, apá mi ò ní sọ̀ kalẹ̀. Èjìká ọ̀tún á kọ́kọ́ máa ta mí, ọwọ́ á wá máa gbọ̀n, ìlà tó yẹ kó tọ́ á wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Jámánì fi fídíò Paexo, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ Ottobock ṣe, ránṣẹ́. Wọ́n ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn bíi báàgì ọmọ iléèwé, ó ń gbé apá dúró. Ó lóun lè rà á fún mi. Ṣùgbọ́n tí nǹkan míì bá ń bá mi gbé apá, ṣé iṣan mi ò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀? Ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun.

Fisio Ṣàgámù:
Ọ̀gá POP, ẹ kú làálàá. Èjìká àwọn akunlé àti mẹkáníìkì ni mò ń tọ́jú lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ yẹn ò ní bátìrì, sípíríǹgì ló ń ti apá sókè, ó sì ń gbé ẹrù náà lọ sí ìbàdí. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń ka iná mànàmáná kékeré inú iṣan wo àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ irú rẹ̀: iṣan iwájú èjìká ló ń sinmi jù. Àwọn iṣan tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ló ń yí padà.

Ibi tí ẹ máa ṣọ́ ni ìgbà tí ẹ bá ń sọ apá kalẹ̀. Sípíríǹgì ò ní gbà, iṣan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bu POP léraléra, ibẹ̀ ló máa dùn yín. Apá tó bá ń léfòó fúnra rẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ ti le jù.

Ọmọ Ìpẹ́rù:
Ford tó ń ṣe mọ́tò kó irú rẹ̀, EksoVest, lọ sí ilé iṣẹ́ wọn 15 ní orílẹ̀-èdè 7 lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n ń tò ló ń wá bá àwọn òṣìṣẹ́ yẹn níbi tí wọ́n dúró sí. Ẹ̀yin ń fún ara yín wọ ààrin igi tí ẹ fi ń gòkè, nínú ooru yìí! Ẹ rò ó dáadáa.

POP Mólípà:
Ẹ ṣé gan-an, Dọ́kítà. Ilẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì mi máa ń wà. Láti ọ̀la, ọmọṣẹ́ á máa gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ Ìpẹ́rù, mo gbọ́. Mà á ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi àwọn tó ń tà á bí wọ́n ṣe ń dẹ sípíríǹgì yẹn kó tó sanwó.