Ẹ gbà mí o: site kan kọ̀, kò ṣí ní wifi ilé wa, ọ̀la ni wọ́n máa tì í

ÌyáÌbejì_Ouando, 18:52
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ tó lè bá èèyàn wo wifi ní apá Ouando níbí, tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí kò sì ní gbówó lérí? Site tí ọmọ mi fẹ́ fi forúkọ sílẹ̀ fún concours, ìdánwò ìdíje, ló kọ̀ tí kò ṣí láti àárọ̀. Àwọn yòókù ń ṣí. Ọ̀la, agogo méjìlá ọ̀sán, ni wọ́n máa tì í. Mo ti pa modẹ́mù, mo ti tàn án, títí ó fi sú mi. Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Àkúnlé_Tokpota, 18:55
Kí ló ń kọ síbẹ̀?

ÌyáÌbejì_Ouando, 18:56
Pé kò ṣí.

TísàṢábẹ̀ẹ́, 19:04
Màmá, ẹ kú ìnira. "Kò ṣí" yìí pọ̀ ní oríṣi. Ẹ tún tẹ orúkọ site náà, tó bá ti gbé "Ce site est inaccessible" wá, ẹ má ka èyí tó tóbi lókè, lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà fún wa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Tẹ́ ẹ bá rí DNS níbẹ̀, ẹ wò ó báyìí: ẹ gun zem, ọ̀kadà, ẹ ní kó gbé yín lọ sílé Alájà. Kò mọ ibẹ̀. Ó dúró ní oríta, ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó jókòó síbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ni DNS. Tí kò bá mọ ilé Alájà, tàbí tó júwe ibòmíràn, ẹ ò ní débẹ̀, bẹ́ẹ̀ zem kò bàjẹ́, ọ̀nà kò dí, Alájà sì wà nílé. Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Tó bá jẹ́ TIMED_OUT lẹ rí, a jẹ́ pé ẹ débẹ̀, ẹ kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Tó bá jẹ́ CERT_DATE, ẹ wo déètì tó wà lára kọ̀ǹpútà yín. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ lè ti kú, kó máa rò pé ọdún 2015 la ṣì wà, ìwé ẹ̀rí site yẹn kò sì ní wọlé sí i lójú.

Ẹ tún ṣe nǹkan kan fún mi: ẹ pa wifi lórí tẹlifóònù yín, ẹ fi mẹ́gà, íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ rà sórí tẹlifóònù, ṣí site yẹn. Ṣé ó ṣí?

Aláṣọ_Àjàṣẹ́, 19:11
Ẹ MÁ PE TECHNICIEN KANKAN O. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́dún tó kọjá kó tó di pé ẹ kó sí i.

Irú nǹkan yìí gan-an ni. Site tí mo ti ń wo àwòrán aṣọ kọ̀, kò ṣí, Facebook ń ṣí, WhatsApp ń lọ. Ẹnì kan júwe ọmọkùnrin kan fún mi, ó ní ọ̀gá ni. Ó dé ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún kó tó bọ́ bàtà. Kò béèrè nǹkan kan. Kò wo kọ̀ǹpútà. Ó kàn ní, "Tantí, ṣé ẹ ní abẹ́rẹ́?" Mo rò pé bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló já. Mo fún un ní abẹ́rẹ́. Ó ki í bọ ihò kékeré kan lẹ́yìn modẹ́mù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá. Gbogbo iná orí rẹ̀ kú. Nígbà tí wọ́n máa tàn padà, ọ̀kan pupa, kò sì tún yí padà mọ́ láéláé.

Àṣé orúkọ àti kóòdù tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá ló pa rẹ́. Ó bi mí pé kóòdù dà. Èmi tí mò ń ta aṣọ! Mo pe ilé iṣẹ́, wọ́n ní kí n mú ìwé àdéhùn wá. Ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ ọkọ mi, ọkọ mi wà ní Parakou. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni a fi wà láìní íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. Ọmọkùnrin yẹn? Tẹlifóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Ẹ sì wá gbọ́ eléyìí: ní ọjọ́ kejì tó ti ba nǹkan jẹ́, aládùúgbò mi ní lórí tẹlifóònù tòun náà site yẹn kò ṣí ní àná, pé àwọn tó ni ín ni wọ́n ń tún un ṣe. Ó ti ṣí padà lọ́dọ̀ gbogbo ayé. Èmi nìkan ni n kò rí i wò.

Àkúnlé_Tokpota, 19:14
Abẹ́rẹ́ 😂😂😂

ỌmọAlákétu, 19:19
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tantí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀bi yín wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi wọlé sí íntánẹ́ẹ̀tì nílé yín, ẹ ò kọ ọ́ síbì kankan? Modẹ́mù dà bí Àkàbà Ìdẹ̀na, ẹnubodè ìlú wa ní Kétu: ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ìta ni yóò sùn.

Aláṣọ_Àjàṣẹ́, 19:21
Ọmọ Kétu, ṣé mo bi ọ́? Ẹni tí wọ́n jà lólè lò ń bá wí, o fi olè sílẹ̀.

ỌmọAlákétu, 19:23
Ẹ má bínú, tantí. Mo ní kí ẹni tí ò tíì kó sí i lè gbọ́n ni.

Technicien_Catchi, 19:30
Ẹ kú àṣálẹ́. Èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún mọ́kànlá, kò tíì sí ọjọ́ kan tí mo tẹ ihò yẹn nílé ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè ìwé àdéhùn. Nítorí ọmọdé kan tó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, ẹ ti kó gbogbo wa pọ̀. Tí aṣọ tí ẹnì kan rà ní Ouando bá ṣí, ṣé gbogbo aláṣọ ni olè?

Aláṣọ_Àjàṣẹ́, 19:32
Aṣọ tèmi kì í ṣí.

Technicien_Catchi, 19:33
Mi ò pe tiyín, tantí. Àpẹẹrẹ ni.

Zem_Aláàárọ̀, 19:36
Ṣé kì í ṣe okùn abẹ́ òkun ló tún já? Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́sí.

TísàṢábẹ̀ẹ́, 19:41
Rárá o. Ní 14 oṣù kẹta 2024 tí okùn mẹ́rin bàjẹ́ lápá Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gbogbo nǹkan ló ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín, láti ibí dé ọ̀pọ̀ ìlú ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Tó bá jẹ́ okùn ni, kò ní yan site kan ṣoṣo kó wá jẹ́ kí WhatsApp máa lọ. Màmá, mo ṣì ń retí lẹ́tà kéékèèké.

BàbáFẹ̀yìntì, 19:44
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Níwọ̀n bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, forfait wo ló dára tí èèyàn fi lè wo bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé ó ń dúró lójú gólì? Ìgbà gbogbo tí wọ́n bá ti fẹ́ gbá a sílé ló ń yí róbótó.

ỌmọAlákétu, 19:46
Bàbá, ẹ gbé Starlink. Ó ti wà ní Bẹ̀nẹ̀ láti 2023.

BàbáFẹ̀yìntì, 19:47
Owó ìfẹ̀yìntì ni mò ń gbà, ọmọ mi, kì í ṣe ti mínísítà.

Àkúnlé_Tokpota, 19:50
Tantí Ouando, ẹ fi VPN sí i, èyí tó máa ń gba ọ̀nà ìlú òkèèrè yọ, kó tán. Lọ́jọ́ ìdìbò 28 oṣù kẹrin 2019, òun ló kọ́kọ́ gbà wá kí wọ́n tó wá pa íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá.

Technicien_Catchi, 19:53
VPN fún concours kẹ̀? VPN á mú kí site yẹn rò pé Fáránsé tàbí Jámánì lẹ ti ń wá, òmíràn kì í gbà á wọlé. Ẹ yí DNS padà, ìyẹn ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ fi 8.8.8.8, DNS ti Google, síbẹ̀.

ỌmọAlákétu, 19:55
1.1.1.1, ti Cloudflare, yá jù ú.

Technicien_Catchi, 19:56
Ta ló wọ̀n ọ́n? Ti Google ti wà láti 2009, kí tìrẹ tó dé ní 2018.

ỌmọAlákétu, 19:57
Ọjọ́ orí lo fi ń mọ ẹni tó lè sáré ni?

TísàṢábẹ̀ẹ́, 20:02
Ẹ̀yin méjèèjì, èyíkéyìí nínú wọn ló lè júwe ilé Alájà. Màmá, tí tẹlifóònù yín bá jẹ́ Android 9 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sídìí láti fọwọ́ kan modẹ́mù rárá. Ẹ lọ sí Paramètres, ẹ wá "DNS privé", ẹ kọ dns.google síbẹ̀. Tí site bá ṣí lórí wifi lẹ́yìn ìyẹn, a ti mọ àrùn náà nìyẹn. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọ inú ètò wifi tí ẹ ń lò, ẹ fi 8.8.8.8 sí àkọ́kọ́, 1.1.1.1 sí ìkejì, kí Kétu àti Catchi lè sùn. Tí kò bá wù yín mọ́, ẹ dá a padà sí "automatique", kò sí ohun tó máa bàjẹ́.

Technicien_Catchi, 20:09
Tísà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, nítorí mo ti rí i nílé méjì ní Djassin. Nígbà míràn DNS dára, orúkọ site máa hàn lókè, ó máa ń yí, ó ń yí, ojú ewé wà ní funfun gbòò tàbí kó ṣí ààbọ̀. Ìwọ̀n ẹrù ló fà á. Modẹ́mù ń di ẹrù ní 1500, ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ là kò gbà ju 1492 lọ. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ pé kó dín in kù, ṣùgbọ́n àwọn site kan ti di etí wọn, wọn kò gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wọn. Àwọn tó ń gbọ́ ń ṣí, àwọn tó dití kò ní ṣí. Èèyàn á wọ inú modẹ́mù, á yí MTU, ìwọ̀n ẹrù yẹn, sí 1492, ó tán. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Aláṣọ_Àjàṣẹ́, 20:11
Ẹ ṣì ń bú mi o.

ÌyáKẹ́hìndé_Ìpóbẹ́, 20:15
Mo ka gbogbo rẹ̀, orí mi ń fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Ouando, tẹ́ ẹ bá ní mẹ́gà lórí tẹlifóònù, ẹ fi "partage de connexion" pín in fún kọ̀ǹpútà, ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ lọ sùn. Ẹ máa tún wifi ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

TísàṢábẹ̀ẹ́, 20:17
Ẹ ṣeun, ìyá. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn ṣáájú ilé Alájà.

ÌyáÌbejì_Ouando, 21:26
Ẹ má bínú, oúnjẹ ni mò ń dá lọ́wọ́. Tísà, mo pa wifi, mo fi mẹ́gà ṣí i, ó ṣí wàà! Lẹ́tà kéékèèké, n kò rí i kà, jígí mi ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìwé tí wọ́n fẹ́ ká fi ránṣẹ́ wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ ṣe partage tí ìyá Ìpóbẹ́ wí, ọmọ yìí ti fi mẹ́gà mi wo fídíò tán.

TísàṢábẹ̀ẹ́, 21:30
A dúpẹ́. Site wà láàyè, tẹlifóònù kò ṣàìsàn, inú wifi ilé ni gbogbo rẹ̀ wà. DNS privé tí mo júwe ńkọ́? Wifi náà ni kẹ́ ẹ fi dán an wò.

Technicien_Catchi, 21:31
Mo lè dé Ouando ní agogo méje àárọ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì péré. Tí kò bá ṣí, ẹ má san nǹkan kan.

Aláṣọ_Àjàṣẹ́, 21:33
Béèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Technicien_Catchi, 21:34
Tantí, mo bẹ̀ yín.

BàbáFẹ̀yìntì, 21:40
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí bọ́ọ̀lù.

ÌyáÌbejì_Ouando, ọjọ́ kejì, 09:48
Ẹ kú àárọ̀ o. Ọlọ́run ṣe é, a ti forúkọ sílẹ̀. Mo kó ìwé sínú clé USB, mo gun zem lọ sí cyber kan ní Catchi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi ṣí. Ọ̀ọ́dúnrún francs ni mo san, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. N kò gbìyànjú DNS yẹn, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí.

Technicien_Catchi, 09:51
Ní Catchi! Ẹ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi!

ỌmọAlákétu, 09:55
Wifi náà wá ńkọ́?

ÌyáÌbejì_Ouando, 10:02
Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má dààmú, pé ọmọkùnrin tó bá wa tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nígbà iléyá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti pè é.

TísàṢábẹ̀ẹ́, 10:04
Màmá, kó tó dé, ẹ wá ìwé àdéhùn íntánẹ́ẹ̀tì yín jáde, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ orúkọ àti kóòdù sí. Nísinsìnyí o.

ÌyáÌbejì_Ouando, 10:19
Ó ti dé. Ó ń béèrè bóyá mo ní abẹ́rẹ́.