Ta ló ti dé Villa d'Este ní Tivoli? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará mi, a fẹ́ ya Tivoli, ìlú kan nítòsí Róòmù, tá a bá dé Róòmù. Ẹni tó bá ti wọ Villa d'Este, ilé ńlá àtijọ́ tó ní ọgbà yẹn, kí lẹ rí níbẹ̀?

Àjàní London: Omi! Ilé yẹn dáa, wọ́n ya àwòrán kún ògiri àti àjà, àmọ́ ìgbà tí mo yọjú lójú fèrèsé tí mo rí ọgbà nísàlẹ̀, ẹnu mi ò lè pa dé. Omi ń já, omi ń tú sókè, ògiri gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọgọ́rùn-ún Ìsun, ẹnu orí ẹranko ni omi ń gbà jáde, bẹ́ẹ̀ wọn ò lo páńpù kankan nígbà tí wọ́n ṣe é, láyé 1560 sí 1570, odò Aniene ni wọ́n là gba abẹ́ ìlú wọlé.

Ọmọ Ṣàgámù: Kò sí páńpù? Irọ́.

Pílọ́ńbà: Irọ́ kọ́ o bọ̀dá, iṣẹ́ mi nìyẹn. Omi tó bá ti òkè wá, tí ihò ẹ̀ kéré, á fò dandan.

Títí: Dùùrù inú ọgbà ńkọ́? Omi ló ń fún un láfẹ́fẹ́, ó ń dá kọrin! Ṣùgbọ́n ó ní àsìkò tó ń dún, ẹ bèèrè lẹ́nu géètì.

Ìyá Ìbejì: Kẹ̀kẹ́ ọmọ ńkọ́?

Títí: Háà, àtẹ̀gùn pọ̀ jù mà. Ẹ pọ̀n wọ́n.

Àjàní London: Kádínà Ippolito d'Este ló kọ́ ọ, wọ́n fi í ṣe gómìnà Tivoli ní 1550. Ọmọ ọmọ Póòpù Alexander Kẹfà ni.

Ọmọ Ṣàgámù: Póòpù bímọ??

Àjàní London: Lucrezia Borgia lọmọ ẹ̀, òun ni ìyá Kádínà.

Màmá Gbọ́yè: Ẹ̀ ń yìn ín, ilé àwọn ará Tivoli ló wó kí ọgbà yẹn tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n pè é lẹ́jọ́. Ó tún kó òkúta mábù àti ère ní ààfin Hadrian, olú-ọba Róòmù àtijọ́, tó wà nítòsí. Mo rìn yí ká, ó wù mí, àmọ́ inú mi ò dùn tán.

Pílọ́ńbà: Ṣé ká wá wó o ni mà?

Màmá Gbọ́yè: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ká máa dárúkọ àwọn tí wọ́n wólé wọn náà ni mo wí.

Títí: Mo wà lẹ́yìn yín, Mà.

Ọmọ Ṣàgámù: Èmi ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ Póòpù o.