Màmá ní "ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín": báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an?

Àbígbẹ̀yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo ń pa á rẹ́, torí ó ń ṣe mí bíi pé mò ń tú àṣírí màmá mi síta. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí mo tún lè bi.

Ẹni ọdún 79 ni màmá mi, àwọn nìkan ló sì ń dá gbé láti ìgbà tí bàbá wa ti ṣaláìsí. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n dìde lóru láti lọ sí balùwẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kọ́ kápẹ́ẹ̀tì kékeré kan, wọ́n sì ṣubú. Egungun kankan ò kán, a dúpẹ́, àmọ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n wà títí ojúmọ́ fi mọ́ kí aládùúgbò tó gbọ́ ohùn wọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwa ọmọ mẹ́rin ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká wá ẹni tí yóò máa bá wọn gbé. Ẹni tí mo tẹ̀ lé ń wá ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn wọn nínú wa. Ìgbà tá a bá wá bi Màmá, èsì kan náà ni: "Ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní wọ́n ti gbà nìyẹn. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Fèrèsé ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ́ etí aṣọ ìrọ̀rí tó wà lórí itan wọn, wọ́n ń tún un ká, wọ́n tún ń tẹ́ ẹ. Mo mọ màmá mi. Bí nǹkan bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí èèyàn tó jókòó tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn òbí yín?

Ìrètí

Ẹ kú ìrọ́jú. Bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀, a sì kó wọn wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Yàrá tó dáa, ibùsùn tuntun, gbogbo ẹ̀ ló pé. Nígbà tí wọ́n wà nílé wọn, wọ́n máa ń tún rédíò tó bá bàjẹ́ ṣe fáwọn èèyàn. Nílé mi, tí wọ́n bá ti mú irinṣẹ́ dání, èmi ni mo máa ń sọ pé, "Ẹ jókòó, ẹ sinmi, iṣẹ́ yín ti tó." Mo rò pé mò ń kẹ́ wọn ni. Kò pé oṣù mẹ́fà tí wọn ò fá irùngbọ̀n mọ́, tí wọn ò sì béèrè ọjọ́ tá a wà mọ́.

Ibi tí wọ́n máa sùn ni mo béèrè, mi ò béèrè ohun tí wọ́n máa jí sí. Ohun tó yẹ kí n ti bi wọ́n nìyí: "Lọ́jọ́ tó bá dùn mọ́ yín, kí lẹ máa ń ṣe láti àárọ̀?" Nígbà tó yá, mo gbé tábìlì kan sẹ́yìnkùlé, mo wá rédíò mẹ́ta tó ti bàjẹ́ kó sórí ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fá irùngbọ̀n.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì

Kẹ́ ẹ tó pinnu ibi tí Màmá máa gbé, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó gbé wọn ṣubú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìṣubú sí ìkejì nínú àwọn jàǹbá tó ń pa èèyàn jù kárí ayé, jàǹbá ojú ọ̀nà ló ṣíwájú ẹ̀, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló sì ń bá lọ jù. Kápẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn lọ fún dókítà, títí kan èyí tí wọ́n fúnra wọn rà. Oògùn oorun lè mú kí ẹsẹ̀ èèyàn má dúró ṣinṣin. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ èèyàn tó bá dìde lójijì. Kí wọ́n máa jókòó sétí ibùsùn díẹ̀ kí wọ́n tó nàró. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò, ẹ fi iná kékeré sí ọ̀nà balùwẹ̀, ẹ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí wọn wò pẹ̀lú. Mo ti rí àgbàlagbà púpọ̀ táwọn ọmọ ń sọ pé "wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ mọ́", àṣé wọn ò gbọ́ tó ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Tí èèyàn mẹ́rin bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kàn mi orí.

Bàbá Àgbà

Ọmọ mi, ẹni ọdún 76 ni mí, mo sì máa ń sọ ohun tí màmá rẹ ń sọ yẹn. Tí àwọn ọmọ mi bá jókòó yí mi ká, mo mọ̀ pé ohun yòówù tí mo bá mú, mo ti gbè sẹ́yìn ọ̀kan, mo sì ti já èkejì kulẹ̀. Mi ò bí wọn kí n lè máa ṣà wọ́n lẹ́ṣà. Owó tún ń bẹ ńbẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ́mọ. Ta ló fẹ́ di ẹrù sórí ẹni tó ti rẹrù? Màá ní kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n, màá sì wọlé lọ sùn. Oorun ò ní í wá.

Má bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Ìwọ nìkan ni kó o lọ, kó o sì wá iṣẹ́ tí ẹ ó jọ máa ṣe, kí ẹ má baà máa wo ara yín lójú. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọmọbìnrin mi ń ká aṣọ tó gbẹ, ó ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń bẹ̀rù?" A ká aṣọ tó mẹ́ta kí n tó dáhùn, kò sì kán mi lójú. Mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: pé ojú mi lè di bàìbàì débi tí ẹlòmíì á máa ka lẹ́tà mi sí mi létí. Ìgbà yẹn la tó mọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀.

Olùtọ́jú

Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ rédíò yẹn ò yà mí lẹ́nu. Ní 1976, Ellen Langer àti Judith Rodin ṣe ìwádìí nílé ìtọ́jú kan ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fáwọn tó wà ní àjà kan pé àwọn fúnra wọn ni kó máa pinnu bí yàrá wọn ṣe máa rí àti alẹ́ tí wọ́n fẹ́ wo fíìmù, wọ́n sì fún kálukú ní ewéko tí yóò máa bomi rin. Àwọn àjà kejì náà gba ewéko, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń bomi rin ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú àwọn ti àkọ́kọ́ dùn ju tàwọn yòókù lọ, ara wọn sì yá gágá.

Nítorí náà, ẹ má bá ẹ̀gbọ́n yín tó ń wá ilé ìtọ́jú jà. Èyí tó dáa wà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tẹjú mọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń dán. Ẹ béèrè ẹni tó ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa jí, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè ti ilẹ̀kùn yàrá wọn. Ẹ mú Màmá dání lọ.

Àkọ́bí

Ohun tí mo fẹ́ sọ lè má dùn. Ọdún márùn-ún ni mo fi tọ́jú màmá mi. Ilé wọn ni wọ́n fẹ́, ibẹ̀ náà la sì fi wọ́n sí, títí tí wọ́n fi tan sítóòfù tí wọ́n gbàgbé ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo sì ti ṣèlérí pé mi ò ní í gbé wọn kúrò láéláé. Ìlérí yẹn ló ń dùn mí dòní, kì í ṣe gbígbé tí mo gbé wọn. Ẹ má ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi Màmá pé, "Tí èyí ò bá ṣeé ṣe mọ́, èwo ló sún mọ́ ọn jù?" Kí àwọn fúnra wọn sì sọ ohun tẹ́ ẹ máa rí tí ẹ ó fi mọ̀ pé àkókò ti tó.

Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ńkọ́? Ṣé ẹnì kankan ti bi í bóyá agbára ẹ̀ gbé e?

Lọ́yà Ìdílé

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pin sẹ́nu. Ní 1969 ni Luis Kutner, lọ́yà kan ní Amẹ́ríkà, ti dábàá ìwé tí èèyàn fi ń sọ irú ìtọ́jú tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́ nígbà tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́. Òfin ilẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, àmọ́ ìgbà tí làákàyè èèyàn ṣì pé ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Ẹ kíyè sí èyí náà: láwọn ilẹ̀ kan, ìwé àṣẹ lásán tí òbí fi yan ọmọ láti máa bójú tó owó rẹ̀ máa ń dòfo lọ́jọ́ tí làákàyè òbí bá lọ, ìyẹn ìgbà tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù. Ẹ ní kí lọ́yà yín kọ èyí tí kò ní í dòfo.

Àbígbẹ̀yìn (ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà)

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Àgbà pàápàá, ẹ ṣeun sà. Mo dá lọ lọ́jọ́ Àìkú. A jọ ń to àwọn fọ́tò àtijọ́. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, mo sì panu mọ́. Kò rọrùn.

Wọn ò sọ̀rọ̀ ilé rárá. Wọ́n ní, "Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Ọjọ́ tí wọ́n ṣubú ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ wọn, káwa ọmọ lè máa ráyè wọlé. Kò sẹ́ni tó rántí gé òmíì fún wọn. Oṣù méjì gbáko ni wọn ò fi lè jáde, torí wọn ò ní lè ti ilẹ̀kùn tí wọ́n bá jáde. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àwọn fẹ́ràn àwọn ọmọ ẹ̀, "ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ mi nínú ilé mi, kí lẹ máa gbà nínú ilé tiyín?" Wọ́n tún ní ìṣubú gan-an kọ́ ló ń da oorun mọ́ àwọn lójú, bí kò ṣe bí àwọn ṣe ń pariwo tí ẹnì kankan ò gbọ́. Tí ohun kan bá wà tí àwọn lè tẹ̀ kí ẹnì kan gbọ́, ó ti tó.

Mo sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n mi. Èyí obìnrin sunkún lórí fóònù. Ó ní òun ti ń rò ó bí òun ṣe máa ráyè tọ́jú wọn, òun ò kàn lè sọ ọ́ ni. A ò tíì fẹnu kò, dókítà máa wo àwọn oògùn lọ́jọ́bọ̀.

Àmọ́ mo gé kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fi lé wọn lọ́wọ́, wọ́n dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i, wọ́n tún tì í, wọ́n sì tún ṣí i. Wọ́n wá ní kí n máa lọ sílé mi, ilẹ̀ ti ń ṣú.