Ìwé ẹ̀rí ikú Màmá wa: káńsù ti fún wa, wọ́n ní ti NPC (àjọ ètò ìkànìyàn) làwọn fẹ́, lẹ́tà kan nínú orúkọ wọn sì tún ń dá wa dúró

Àkọ́bí_Obìnrin

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí, ẹ bá mi dá sí i. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí Màmá wa ti lọ. Tíṣà ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, wọn ò tíì fẹ̀yìn tì tí ọlọ́jọ́ fi dé. Ilé ni wọ́n kú sí, lórí ẹní ìrun, lẹ́yìn ìrun àsùbá. Mùsùlùmí ni wá, a ò gbé wọn dé ọsibítù kankan. Kó tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ a ti sin wọ́n. Nítorí náà kò sí ìwé dókítà lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n Màmá lọ sí káńsù, wọ́n bá wa ṣe ìwé kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ọkàn wa balẹ̀. Àfìgbà tí mo gbé e dé ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì Màmá, tí ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn wò ó lẹ́ẹ̀kan, tó dá a padà fún mi. "Ti NPC la fẹ́, mà. Orúkọ yìí ò sì bá ti ọwọ́ wa mu."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa. Rofiat ni wọ́n kọ. Rafiat ló wà lórí gbogbo ìwé iṣẹ́ Màmá, láti orí ìwé ìgbanisíṣẹ́ títí dé ìwé owó oṣù tó gbẹ̀yìn. Rọfíà ni ẹ̀gbọ́n wọn ń pè wọ́n láti kékeré, bí wọ́n ṣe pè é fún akọ̀wé nìyẹn, bí akọ̀wé sì ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́.

Mo padà sí ọgbà káńsù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé mi lẹ́nu géètì, ó ní kí n má da ara mi láàmú, òun á bá mi gba ti NPC kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, orúkọ tó bá wù mí ni wọ́n á kọ sí i. Ọ̀rọ̀ "tó bá wù mí" yẹn ló bà mí lẹ́rù. Àwa mẹ́rin ni Màmá fi sílẹ̀, àbígbẹ̀yìn ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. N ò fẹ́ ohun tó máa dá ọ̀rọ̀ sí wa lọ́rùn lẹ́yìn ọ̀la. Kí ni kí n ṣe? Ṣé bí mo bá lọ gba òmíràn, wọn ò ní sọ pé irọ́ ni mo fi gba ọ̀kan nínú méjèèjì?

Arìnnà_Kọ́ré

Ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí irú rẹ̀ mọ́. Ní tèmi o, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn bá yín gbà á. Bó ṣe yá nìyẹn. Báa tún ní ká máa lọ, ká máa bọ̀, ṣé iṣẹ́ la fẹ́ ṣe ni àbí ìwé la fẹ́ máa lé kiri?

Bàbá_Rẹ́jísítà

Ọmọ mi, kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó nídìí rẹ́jísítà ikú kí n tó fẹ̀yìn tì. Jọ̀wọ́, má gbọ́ ti ẹni tó sọ̀rọ̀ lókè yìí. Ìwé NPC kì í dá dúró. Inú rẹ́jísítà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ jáde. Bí orúkọ Màmá kò bá sí nínú rẹ́jísítà, bébà lásán ni ọmọ ẹnu géètì fún ọ, ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ìwọ tí o gbé e wá ni wọ́n máa bi.

Ìdàrúdàpọ̀ káńsù àti NPC yìí, inú ìwé òfin ló ti wá. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló tún gbé ètò kíkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà lé àjọ NPC lọ́wọ́. Òfin 1992 náà sì sọ pé dandan ni kíkọ ikú sílẹ̀. Ìyẹn lo fi máa ń bá àwọn méjèèjì nínú ọgbà kan ṣoṣo, tí àlejò ò ní mọ ẹni tó kàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ti NPC, alága káńsù kọ́ ni ọ̀gá wọn. Bó o bá wọ ọgbà, má béèrè "ibi tí wọ́n ti ń gbàwé". Béèrè ọ́fíìsì NPC, kó o sì wo pátákó ẹnu ọ̀nà.

Ìwé tẹ́ ẹ ti gbà kì í ṣe ayédèrú. Má ya á, má sì fi bírò tún lẹ́tà kankan ṣe lórí rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń sọ ìwé rere di ìwé ẹ̀ṣẹ̀. Òun ni ẹ̀rí tó o máa mú lọ. Kọ́kọ́ gba kóòtù lọ fún ìwé ìbúra tó sọ pé Rafiat àti Rofiat, ẹnì kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n Màmá ni kó búra, ìwọ kọ́, nítorí àwọn ló bá wọn dàgbà, ẹnu wọn sì ni lẹ́tà yẹn ti jáde. Kí mọ́ṣáláṣí tó sin wọ́n kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún yín. Mú ìwé iṣẹ́ Màmá dání pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ tìrẹ. Ọ́fíìsì tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ikú náà ti ṣẹlẹ̀ ni kó o lọ, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ rẹ.

Bí wọ́n bá béèrè ohun tó pa wọ́n, má ṣe dárúkọ àìsàn tí dókítà kankan ò sọ. Èèyàn á gbà ọ́ nímọ̀ràn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni kó o pè é. Ohun tó o rí ni kó o sọ: wọ́n kírun tán, wọn ò dìde mọ́.

Èyí tó kù ló ká mi lára jù. Bí mo bá ti kọ ọ́ tán, mo máa ń yí rẹ́jísítà sọ́dọ̀ ẹni tó wá, màá ní kó fi ìka tọ orúkọ náà, kó pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde kó tó fọwọ́ sí i. Àwọn kan máa ń bínú, wọ́n á ní ṣé mo rò pé àwọn ò kàwé ni. Obìnrin kan ń ka ti ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó dé ìdajì, ohùn rẹ̀ há. Mo dákẹ́, mo dúró dè é. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè ló rí i pé mo ti fo lẹ́tà kan nínú orúkọ ìdílé wọn. Èmi, lójú ara mi, mo rò pé mo ti kọ ọ́ pé. Láti ọjọ́ náà n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i láìkà á. Bí akọ̀wé ò bá yí i sí ọ, bẹ̀ ẹ́ pé kó yí i.

Ọmọ_Tíṣà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ Bàbá ti tó, mo kàn fẹ́ fi méjì kún un. Níwọ̀n bí Màmá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ béèrè owó ìnṣọ́ránsì wọn yàtọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Ẹnikẹ́ni ò pè wá fún ti bàbá mi, àwa la lọ béèrè. Bí Màmá ò bá sì kọ ìwé ìhágún, ìwé ẹ̀rí ikú nìkan ò ní tó. Ẹ ṣì máa lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ fún ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Orúkọ tó bá wà lórí ti NPC ni wọ́n máa kọ síbẹ̀, ẹ ò rí i pé lẹ́tà yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ má sì fi ojúlówó sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ fi hàn wọ́n, kí wọ́n ṣe fọ́tòkópì rẹ̀ lójú yín, kí ẹ gbé e padà sínú báàgì.

Àkọ́bí_Obìnrin

Bàbá, mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí. Àbúrò mi Ọmọ_Tíṣà, ẹ ṣé gan-an. A ti dé kóòtù, a sì ti dé NPC.

Nígbà tí akọ̀wé béèrè orúkọ, ẹ̀gbọ́n Màmá ti la ẹnu. Mo rọra gbá wọn lọ́wọ́ mú, mo fa ìwé owó oṣù Màmá yọ nínú ọ̀rá, mo tẹ́ ẹ síwájú akọ̀wé. Ó wò ó kọ, kò gbọ́ ọ kọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yí rẹ́jísítà sí wa. Ẹ̀gbọ́n Màmá ló ní àwọn fẹ́ kà á. Wọ́n fi ìka tọ ọ́ bí ọmọ iléèwé: R, a, f, i, a, t. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Rọfíà mi rèé," wọ́n wá gba bírò.

Ọjọ́ Ajé là ń lọ sí ilé ẹjọ́ gíga.