Mo fẹ́ mú mọ́mì mi lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè ní Vernazza, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́_Peckham:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ, ẹ jọ̀ọ́. Mọ́mì mi máa pé 70 ní oṣù kẹsàn-án, Kátólíìkì paraku ni wọ́n, rósárì ò kúrò lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹnìkan fún wọn ní kàlẹ́ńdà kan, àwòrán abúlé kan wà níbẹ̀ létí òkun Ítálì, wọ́n kọ Vernazza sábẹ́ ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan dúró sórí àpáta tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa là lẹ́sẹ̀, àtìgbà yẹn ni wọn ò ti jẹ́ kí n sinmi, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ti fẹ́ dúpẹ́ ọjọ́ ìbí àwọn, wọ́n sì ti gbọ́ pé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì míì tún wà lórí òkè. Lọ́ńdọ̀nù lèmi wà, Ìbàdàn ni mọ́mì wà. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n ń rìn o, àmọ́ àtẹ̀gùn púpọ̀ ò ṣeé ṣe. Ọjọ́ márùn-ún la ní. Ibo ni ká sùn, ṣọ́ọ̀ṣì wo la ò gbọdọ̀ fò, báwo la ṣe máa gun òkè?

IyaIbeji_Genova:
Àbẹ̀kẹ́, o ṣeun tó o ro ti ìyá ẹ. Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé ní Genova, ìlú ńlá létí òkun Ítálì níbí, a kì í pa ọdún kan jẹ ká má débẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé ẹ: Vernazza jẹ́ ọ̀kan nínú abúlé márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Cinque Terre, Monterosso, Vernazza, Corniglia, Manarola, Riomaggiore, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn létí omi, rélùwéè ló ń gba inú òkè so wọ́n pọ̀, láti ọ̀kan dé èkejì ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀, ó tún wá ní ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́ tiẹ̀ lórí òkè, santuario ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé òkè làwọn baba ńlá àwọn ń gbé tẹ́lẹ̀ torí àwọn olè ojú omi, nígbà tí ara tù wọ́n ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sétí òkun.

Ṣọ́ọ̀ṣì inú kàlẹ́ńdà yẹn, Santa Margherita d'Antiochia ni, ó ti wà láti 1318. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ máa wá ilẹ̀kùn iwájú tì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, níbi tí pẹpẹ wà, lèèyàn ń gbà wọlé láti gbàgede. Inú ẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, òkúta lásán, kò sí góòlù kò sí ẹ̀ṣọ́ rẹpẹtẹ, ẹ jókòó sápá tó kọjú sí omi kẹ́ ẹ dákẹ́, ẹ máa gbọ́ bí ìgbì ṣe ń lu àpáta lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Àmọ́ èyí tí mi ò ní dárí jì ẹ́ tó o bá fò ni Reggio, Nostra Signora di Reggio, lókè Vernazza gan-an. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, oyún àwọn ìbejì wà nínú mi, mo ti rẹ̀, mo kàn fẹ́ jókòó ni, mo gbójú sókè wo àwòrán Màríà àti Ọmọ tó wà níbẹ̀, ojú Màríà dúdú. Dúdú bíi tèmi. Mo bi ìyá àgbà kan tó ń nu bẹ́ǹṣì, ó ní l'Africana làwọn ń pè é, Obìnrin Áfíríkà. Mi ò lè ṣàlàyé nǹkan tó ṣe mí, mo ṣáà ń sunkún. Mú mọ́mì lọ síbẹ̀.

Kola_Torino:
Màmá ìbejì ti sọ òótọ́ nípa Reggio, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi kún un, torí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gùn ún láti Vernazza, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ó lẹ́wà, àwọn ibi ìdúró Ọ̀nà Àgbélébùú wà lẹ́bàá ọ̀nà, èèyàn lè máa gbàdúrà gòkè, àmọ́ nǹkan bíi wákàtí kan gbáko ni, òkè ni ṣáá. Ẹni tí orúnkún ń dùn ò gbọdọ̀ dán an wò. Bọ́ọ̀sì kékeré kan wà tó ń gòkè láti Vernazza, kì í lọ lemọ́lemọ́, ẹ béèrè àkókò ẹ̀ ní ọ́fíìsì Cinque Terre National Park tó wà ní stéṣọ̀n kẹ́ ẹ tó ṣètò ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì béèrè ti àbọ̀ pẹ̀lú torí tí ti ìkẹyìn bá lọ, ẹsẹ̀ ló kù. Ẹ ra káàdì Cinque Terre tó ní rélùwéè nínú, ó kó rélùwéè láàárín La Spezia sí Levanto, ìlú méjì tí abúlé márààrún wà láàárín wọn, pọ̀ mọ́ àwọn bọ́ọ̀sì inú abúlé.

Tó bá kan ibi oorun, Monterosso ni mo mú. Òun ló tẹ́jú jù nínú márààrún, apá tí wọ́n ń pè ní Fegina, èèyàn á jáde ní stéṣọ̀n, òkun rèé, họ̀tẹ́ẹ̀lì rèé. Ní Vernazza àti Riomaggiore, yàrá tó o rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ojú fèrèsé ẹ̀ dáa yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lórí àtẹ̀gùn ọgọ́rin ló wà, kò sí líìfù. Ẹ béèrè iye àtẹ̀gùn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Monterosso náà ní ṣọ́ọ̀ṣì o, San Giovanni Battista, iwájú ẹ̀ dúdú funfun dúdú funfun bí aṣọ òfì, òpó agogo ẹ̀ jẹ́ ilé ìṣọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gan-an ni ilé àdúrà ẹgbẹ́ kan wà, Oratorio dei Neri, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sin òkú àwọn tí ò lẹ́nìkan. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Agbárí àti egungun ni wọ́n gbẹ́ sára ògiri, kẹ́rù má ba mọ́mì, ẹ kàn ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n tó wọlé.

Temitope_KofC:
Ẹ má gbàgbé Soviore lókè Monterosso. Àwọn ará Liguria, ìyẹn agbègbè Ítálì tí Cinque Terre wà, gbà pé òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Màríà agbègbè wọn. Ère igi tó wà níbẹ̀, Màríà gbé òkú Jésù sórí ẹsẹ̀ ni, ìtàn wọn sì ni pé wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nígbà ogun, àdàbà kan ló fi ibi tó wà han àlùfáà, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n rí i. Ọ̀nà mọ́tò débẹ̀ dáadáa, bọ́ọ̀sì ń lọ láti Monterosso. Wọ́n ní yàrá fún àlejò, èmi àti ìyàwó mi sùn níbẹ̀ lálẹ́ méjì, yàrá tó mọ́, kò sí ariwo kankan, láàárọ̀ tá a ṣí fèrèsé, ìkùukùu ló bo òkun, orí ìkùukùu la wà. Fún Kátólíìkì tó fẹ́ dúpẹ́ ọjọ́ ìbí, mi ò rò pé họ̀tẹ́ẹ̀lì etí omi kankan tó bẹ́ẹ̀.

Lanre_Oyo:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ físà. Tí páásípọ́ọ̀tù mọ́mì bá jẹ́ ti Nàìjíríà, físà UK ò wọ Ítálì o, físà Schengen, ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Ítálì wà lára wọn, ni wọ́n máa gbà, ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n sì ti máa gbà á, ìyẹn nílé, kì í ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ wá sí Lọ́ńdọ̀nù kẹ́ ẹ wá máa sáré kiri. Ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò, àmọ́ wọ́n gbà kéèyàn kọ̀wé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, àyè ìpàdé ló máa ń ṣòroó rí. Wọ́n á béèrè ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tó tó 30,000 yúrò. Ìyá ọ̀rẹ́ mi pàdánù ìgbéyàwó ọmọ wọn torí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹkún lọ́jọ́ yẹn ò ṣeé gbọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Bọ̀dá Láńre, ẹ gbà mí, mi ò tíì ro ti físà yẹn rárá, mo rò pé tí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ mi ó ti parí. Mo máa pe àbúrò mi ní Bódìjà lálẹ́ yìí. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé ká wọ ọkọ̀ ojú omi láti abúlé kan sí èkejì, ṣé kò ní rọrùn fún mọ́mì ju rélùwéè lọ? Àti pé ṣé Corniglia náà ṣeé lọ?

OmoEkiti_Milano:
Ọkọ̀ ojú omi dáa láti wo abúlé látòkèèrè, ojú omi lèèyàn ti ń rí i dáadáa bí wọ́n ṣe to òkúta lé òkúta lórí gbogbo òkè yẹn láìfi sìmẹ́ńtì kankan sí i, kí wọ́n lè rí ilẹ̀ gbin àjàrà. Àmọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń gbé sílẹ̀ fún èrò, ọkọ̀ ń mì, ẹ ní láti fò kíá. Fún orúnkún mọ́mì, rélùwéè ni. Corniglia ò tiẹ̀ ní èbúté, orí àpáta ló jókòó sí, láti stéṣọ̀n ẹ̀ àtẹ̀gùn tó lé ní 370 ni, wọ́n ń pè é ní Lardarina. Bọ́ọ̀sì kékeré ń dúró de rélùwéè, ẹ wọ ìyẹn.

Manarola ni mo ní kẹ́ ẹ fún ní ọjọ́ kan. Ṣọ́ọ̀ṣì San Lorenzo, 1338, apá òkè abúlé ló wà, òpó agogo ẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ lódìkejì gbàgede. Látibẹ̀ ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Volastra, ṣọ́ọ̀ṣì Madonna della Salute wà níbẹ̀, Màríà Onílera, ìyẹn gan-an ni ti orúnkún. Tẹ́ ẹ bá padà sísàlẹ̀, Via dell'Amore wà láàárín Manarola àti Riomaggiore, òun nìkan ni ọ̀nà etí òkun tó tẹ́jú dáadáa, àpáta já lulẹ̀ níbẹ̀ ní 2012, wọ́n tì í pa títí di 2024 kí wọ́n tó ṣí i padà. Ẹ ra àyè sílẹ̀ torí iye èèyàn níwọ̀nba ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé.

Ó tún ku nǹkan kan nípa rélùwéè. Ní Vernazza, stéṣọ̀n kúrú, apá kan ọkọ̀ máa ń dúró sínú ihò òkè. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, ilẹ̀kùn ṣí, òkùnkùn biribiri, mo rò pé a ò tíì dé, mo jókòó pa, ọkọ̀ gbé mi lọ sí abúlé tó kàn. Tó bá ti dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀. Tó bá sì jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bébà lẹ rà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ kékeré ara ògiri kẹ́ ẹ tó wọlé, wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ mi rí, tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fi owó mi rà ni o.

IyaIbeji_Genova:
Ọmọ Èkìtì ṣeun. Ẹ jẹ́ n sọ ti ojú ọjọ́. Oṣù kẹsàn-án dáa, oòrùn ti rọ̀, òkun ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má jẹ́ kó wọ ìparí oṣù kẹwàá. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 2011, òjò rọ̀ ní ọ̀sán kan, ilẹ̀ orí òkè ya lulẹ̀, ẹrẹ̀ àti òkúta gba òpópónà Vernazza, àwọn ṣọ́ọ̀bù rì mọ́lẹ̀, èèyàn kú. Monterosso náà jìyà ẹ̀. A lọ síbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣì ń kó ẹrẹ̀, obìnrin kan tó ń ta focaccia, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, fi ibi tí ẹrẹ̀ dé lára ògiri hàn mí, ó ga ju orí mi lọ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bẹ àlejò pé kí wọ́n má gun àwọn ògiri òkúta oko àjàrà yẹn. Wọn ò sì gba sílípáàsì lójú ọ̀nà orí òkè, bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni.

Aṣọ ò ní wàhálà, ìró àti bùbá mọ́mì ti tó, kí èjìká ṣá má ṣí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Temitope_KofC:
Tí ọjọ́ kan bá ṣẹ́kù, ẹ lọ Portovenere. Rélùwéè ò débẹ̀, bọ́ọ̀sì láti La Spezia ni, nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ṣọ́ọ̀ṣì San Pietro wà lórí ṣóńṣó àpáta tó wọ inú òkun, wọ́n yà á sí mímọ́ ní 1198, ó ní àtẹ̀gùn díẹ̀ àmọ́ èèyàn lè rọra lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì San Lorenzo tiwọn, kì í ṣe ti Manarola, wà lókè ẹ̀, ibẹ̀ ni Màríà Funfun wà tí wọ́n ń ṣe ọdún ẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, wọ́n á tan àtùpà sórí àpáta yí San Pietro ká. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ níbòmíì.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham:
Mo ti pe mọ́mì. A máa sùn ní Soviore ọjọ́ méjì, Monterosso ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ Vernazza àti Reggio ni ọjọ́ ìbí fúnra ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ti Màríà tójú ẹ̀ dúdú, wọ́n dákẹ́, mo rò pé ẹ̀rọ ti já, mo ń ké "mọ́mì, mọ́mì," àfi ìgbà tí wọ́n ní "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o dá a lójú? Wọ́n gbà pé Áfíríkà ni?" Láàárọ̀ yìí wọ́n ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí n wá àwòrán ẹ̀ fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i kọ́kọ́.

IyaIbeji_Genova:
Má fi ránṣẹ́. Jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè kí wọ́n rí i bí mo ṣe rí i. Tó o bá ti mú ọjọ́, sọ fún mi, màá wọ rélùwéè wá láti Genova, kò jìnnà, màá sì gbé mọ́ínmọ́ín dání, àwọn igi ńlá wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Reggio, ìbòòji wà níbẹ̀, abẹ́ wọn la ti máa jẹ ẹ́. Bá mi bi mọ́mì bóyá wọ́n ń jẹ edé.