Ìrírí mi pẹ̀lú orin fíìmù Tamil ní Chennai

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá ni a mọ ohun tí a ń pè ní fíìmù Íńdíà, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń wò nígbà náà jẹ́ fíìmù èdè Hindi tí wọ́n ṣe ní Bombay, ìlú tí a mọ̀ sí Mumbai lónìí. N kò tíì gbọ́ orin Tamil kan ṣoṣo rí kí ẹ̀kọ́ tó gbé mi lọ sí Chennai, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà, níbi tí èdè ti yàtọ̀, tí álífábẹ́ẹ̀tì ti yàtọ̀, tí àwọn ènìyàn sì ní iṣẹ́ fíìmù tiwọn tí ó ti ń fọhùn láti ọdún 1931. Ilé tí mo gbà wà ní Vadapalani, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kodambakkam, àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù láti ayébáyé. Etí ni mo fi wọ inú fíìmù wọn, kì í ṣe ojú, mo sì gbà títí di òní pé bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn wọ inú rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé lọ́dọ̀ àwọn Tamil, orin ni ó máa ń gbé ìtàn dúró nígbà tí ẹnu àwọn òṣèré bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀.

Bàbá onílé mi jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì tí ó ti fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìsàlẹ̀. “Thambi” ni ó ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò ọkùnrin níbẹ̀, èmi sì ń pè é ní “Appa” bí ọmọ ṣe ń pe bàbá, nítorí n kò lè la ẹnu pe ẹni tí ó tó bàbá mi lórúkọ. Ìyàwó rẹ̀ ni “Amma”. Láàárọ̀, kí kọfí tó hó tán, rédíò kékeré tí ó wà lójú fèrèsé wọn yóò ti máa kọrin, orin Ilaiyaraaja ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ lọ sí Madurai, orin ọkùnrin yìí kan náà ni awakọ̀ fi sí i láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí, kò sì sí èrò ọkọ̀ kan tí ó ní kí ó pa á. Àwọn tí wọ́n sùn sùn, àwọn tí kò sùn sì ń gbé e lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́. Mo bi Appa nígbà tí mo padà dé pé ta ni ẹni yìí gan-an.

Ó wò mí bí ẹni tí ó bi í pé ta ni ó ni oòrùn. Ọdún 1943 ni wọ́n bí Ilaiyaraaja ní abúlé Pannaipuram, ní ìwọ̀-oòrùn Tamil Nadu. Ọ̀dọ́langba ni ó wà nígbà tí ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Pavalar Varadarajan, tí wọ́n ń ti abúlé bọ́ sí abúlé láti kọrin níbi ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì. Nígbà tí ó dé Madras, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe Chennai nígbà náà, ó kọ́ bí a ti ń kọ orin sórí ìlà bíi ti àwọn ará Yúróòpù lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Dhanraj Master. Ìyẹn ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó lè jókòó láìfọwọ́ kan dùùrù, kí ó kọ ohun tí fayolíìnì, fèrè, gìtá àti ìlù kọ̀ọ̀kan yóò ṣe sínú ìwé, kí wọ́n pín in fún àwọn olórin, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílẹ̀. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Annakili, jáde ní ọdún 1976. Appa ní kí ọdún náà tó dé, orin inú fíìmù dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ìgboro ni ó wọ̀; ọdún náà ni àwọn ará abúlé ìyá òun kọ́kọ́ gbọ́ irú orin tí àwọn fúnra wọn ń kọ lóko láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé sinimá. Láti ìgbà náà, fíìmù tí ọkùnrin yìí ti ṣe orin fún ti lé ní 1,000, nígbà tí ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó gbé símfónì tirẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tí ó so èmi mọ́ orin náà ni ìlù. Ní àkókò ọdún òrìṣà Mariamman, àwọn onílù kọjá ní òpópónà wa, mo sì rí ọkùnrin kan tí ó di ìlù kékeré kan mú, tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, tí awọ wà lójú rẹ̀ méjèèjì, tí okùn sì so ojú kan mọ́ èkejì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń fún okùn náà láàárín, ìka ọwọ́ ọ̀tún ń lu awọ, ohùn ìlù náà sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Udukkai ni wọ́n ń pè é. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí onígángan lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ ìdí tí mo fi tẹ̀ lé wọn títí dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì láìrántí pé n kò ti ilẹ̀kùn mi. Kì í sọ̀rọ̀ bí dùndún ti ń sọ̀rọ̀ o, nítorí èdè Tamil kò ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tí ìlù yóò dà sọ. Òrìṣà ni wọ́n fi ń pè, ìtàn ni wọ́n sì fi ń gbè. Èyí tí ó tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni urumi, tí òun náà ní ìbàdí, àmọ́ tí wọ́n ń fi igi títẹ̀ kan ha awọ rẹ̀ lójú kan títí yóò fi máa kùn bí ẹranko tí inú ń bí. Lẹ́yìn wọn ni parai, ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń yá níná kí awọ rẹ̀ lè le, tí wọ́n ń lù níbi òkú, tí àwọn tí ètò ìran-dé-ìran ilẹ̀ Íńdíà tẹ̀ mọ́lẹ̀ sì ni onílù rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn ìlù wọ̀nyí nínú fíìmù, nísàlẹ̀ àwọn fayolíìnì, níbi tí n kò ti fiyè sí wọn tẹ́lẹ̀, mo sì rí i pé ẹni tí ó kó irú ìlù báyìí wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kò kàn ń wá adùn lásán.

Àríyànjiyàn tí ó máa ń wáyé ní ilé yẹn lórí fíìmù Sindhu Bhairavi kò tán títí mo fi kúrò níbẹ̀. K. Balachander ni ó darí rẹ̀ ní ọdún 1985. Gbajúmọ̀ olórin kan ń kọ orin Carnatic, ìyẹn orin àgbà ti gúúsù Íńdíà, ó sì ń kọ ọ́ ní èdè Telugu fún èrò tí ó jẹ́ pé Tamil ni wọ́n gbọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan dìde láàárín èrò, ó bi í léèrè ìdí tí kò fi kọrin tí àwọn ènìyàn yóò gbọ́. Wọ́n ní kí òun náà wá kọ tirẹ̀ kí wọ́n gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ orin ará oko kan, ó ní òun kò mọ orin kọ, òun kò mọ̀wé. Ó ń kọ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjú, àfi bí orin oko ṣe wọ inú orin Thyagaraja, bàbá ńlá orin Carnatic, láìsí ibi tí ènìyàn lè tọ́ka sí pé ibí ni wọ́n ti rán an pọ̀. Chithra, ọmọ ìpínlẹ̀ Kerala, ni ó kọ ọ́, ẹ̀bùn orílẹ̀-èdè ni wọ́n sì fi dá a lọ́lá. Ilaiyaraaja náà gba tirẹ̀ lórí orin fíìmù náà.

Amma kò fara mọ́ ọn rárá. Raga ni wọ́n ń pe ètò ohùn tí orin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa tọ̀. Raga tí àwọn àgbà mọ orin Thyagaraja náà mọ́ ni Kambhoji, Ilaiyaraaja sì gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sínú Saramati. “Àṣejù ni,” Amma yóò wí, yóò sì fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́ bí ó ṣe yẹ, pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Appa yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní bí kò bá gbé e kúrò, ọ̀nà wo ni orin oko ìbá gbà wọlé? Ẹ̀yìn Appa ni mo wà, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ jáde, nítorí ọ̀dọ̀ Amma ni sambar mi, ọbẹ̀ ẹ̀wà wọn, ti ń wá.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé ìwé kò fẹ́ gbọ́ ju A. R. Rahman lọ, n kò sì lè bá wọn jà. Bàbá rẹ̀, R. K. Shekhar, ṣe orin fún fíìmù Malayalam, èdè àwọn ará Kerala, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, èyí tí ó mú kí ọmọ náà tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi dùùrù wá oúnjẹ, tí ó fi tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ Ilaiyaraaja fúnra rẹ̀. Nígbà tí Roja tí Mani Ratnam darí jáde ní ọdún 1992, ohun tí Rahman ṣe kò jọ ti ẹnikẹ́ni: ó to ohùn lé ohùn nínú ẹ̀rọ nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ tí ó kọ́ mọ́ ilé rẹ̀, títí tí ó fi dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ wà láàárín ohun èlò kan àti èkejì. Ó gba Oscar méjì ní 2009 lórí fíìmù tí kì í ṣe Tamil rárá, Appa sì máa ń sọ pé iṣẹ́ tí ó dára ju ìyẹn lọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbọ́. Lójú tèmi, ènìyàn lè mú orin Rahman kúrò nínú fíìmù kí ó máa gbé e kiri, kò sì ní dín kù. Ẹni tí ó bá yọ orin Ilaiyaraaja kúrò nínú fíìmù rẹ̀, fíìmù náà ni yóò kọ́kọ́ kú.

Ohun mìíràn tí ó yà mí lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn ohùn tí àwọn Tamil fẹ́ràn jù kì í ṣe ti ọmọ Tamil. Òṣèré kì í kọrin fúnra rẹ̀. Akọrin ni ó ń kọ ọ́, tí òṣèré sì ń fi ẹnu bá a lọ. Telugu ni èdè abínibí S. P. Balasubrahmanyam àti S. Janaki, Malayalam ni ti Yesudas. Nígbà tí Balasubrahmanyam kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 lẹ́yìn tí ó kó àrùn Kòrónà, Appa pè mí lórí fóònù láti Chennai, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ti òṣèlú kò gbọdọ̀ gùn, nítorí ìwé odidi ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Annadurai tí ó di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní 1967 kọ ọ̀rọ̀ fíìmù, pé Karunanidhi tí ó tẹ̀ lé e ní 1969 kọ ọ̀rọ̀ fíìmù, pé òṣèré ni M. G. Ramachandran, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní MGR, tí ó gorí àga ní 1977 tí ó sì wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1987, àti pé Jayalalithaa tí ó bá MGR ṣeré di olórí ìjọba ní 1991. Ní 1965, MGR mú pàṣán lọ́wọ́ nínú fíìmù kan, ohùn T. M. Soundararajan sì ń kọ ọ́ fún un pé bí òun bá pàṣẹ tí àṣẹ náà sì ṣẹ, àwọn tálákà kò ní jìyà mọ́. Àwọn tí wọ́n gbọ́ orin yẹn ni wọ́n dìbò fún un lẹ́yìn ọdún méjìlá.

Mo lọ wo fíìmù Rajinikanth ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó jáde, Rajinikanth tí ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì ní Bangalore kí ó tó di ọba sinimá. Níta, wọ́n ń da mílíìkì lé àwòrán rẹ̀ tí ó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lórí, bí wọ́n ṣe ń da á lé ère nínú tẹ́ńpìlì. Nínú, nígbà tí orúkọ rẹ̀ hàn, fèé fífọn àti bébà tí wọ́n ń fọ́n sókè kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun kan, ọkùnrin tí ó jókòó tì mí sì gun orí àga. Mo gbádùn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìkùnsínú mi ti bẹ̀rẹ̀. Orin tí wọ́n fi ń mú akọni wọlé ti ń di ariwo láti ọdún dé ọdún, ó ń pàṣẹ fún ènìyàn pé kí ó dìde, kò sì sọ ohun tí ó wà nínú akọni náà. Anirudh, olórin fíìmù tí orin Kolaveri rẹ̀ tàn ká ayé ní 2011, mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù. Santhosh Narayanan ni mo ń fetí sí ní tèmi, pàápàá láti Attakathi ti 2012, nítorí pé ó fi gaana, orin àwọn ará àdúgbò òtòṣì ní àríwá Chennai, sí àárín gbùngbùn, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ẹnì kan bá bi mí fíìmù tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, Mouna Ragam ti 1986 ni n óò sọ, tí Mani Ratnam darí. Wọ́n fi ọmọbìnrin kan fún ọkọ tí kò fẹ́, ọkọ mú un lọ sí Delhi, ó bi í pé ẹ̀bùn wo ni òun lè rà fún un, ìyàwó sì dáhùn pé ìkọ̀sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ tán nínú ilé náà. Àwọn méjèèjì ń kọjá lára ara wọn, wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbé ife kalẹ̀, Ilaiyaraaja sì ń sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé mì. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ wò ó pẹ̀lú àkọlé ìtumọ̀ tí ó ń kọjá lábẹ́ àwòrán, kí ó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ títí dé ibùdókọ̀ ojú irin níbi tí ó parí sí. Lẹ́yìn náà kí ó pa àkọlé náà, kí ó tún un wò.