Ṣé jẹjẹrẹ kò pọ̀ ní Kétu tó ti Àjàṣẹ́ ni, àbí a kò kà á?

Ọmọ Ìdẹ́nà (Kétu)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sọ̀rọ̀ ní àdúgbò wa. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnì kan mú ìwé kan wá sí ìpàdé, ó ti fa ilà sí i lọ́nà mẹ́ta fún ìlú mẹ́ta ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí: Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu, Sábẹ̀ẹ́. Lábẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó kọ iye àwọn tí ilé ìwòsàn sọ pé wọ́n ní àrùn jẹjẹrẹ, àti ìdá mélòó nínú wọn ni àrùn náà ti dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, ìyẹn nígbà tí ó ti tóbi tàbí tí ó ti tàn ká, kí wọ́n tó mọ̀. Iye ti Àjàṣẹ́ ga ju tiwa lọ fíìfíì, ti Sábẹ̀ẹ́ ni ó sì kéré jù. Bí wọ́n ti kà á tán ni bàbá kan dìde, ó ní ẹ̀fọ́ tí a ń já lóko àti iṣu tí kò rí oògùn rárá ni ó ń gbà wá, kí àwọn ará Àjàṣẹ́ yáa dín oúnjẹ inú agolo kù. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ọwọ́ tèmi kò lọ síbẹ̀. Láàárín ọdún kan péré, mo mọ obìnrin méjì ní ọ̀nà ilé wa tí kókó ọmú pa, kò sì sí èyí tí ó dé ilé ìwòsàn ńlá nínú àwọn méjèèjì. Ta ni ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí wọn yóò fi wà nínú ìwé yẹn?

Ìbéèrè mi jẹ́ méjì. Èkíní, báwo ni a ṣe ń fi ìlú kan wé òmíràn lórí àrùn yìí tí a kò fi ní ṣi ara wa lọ́nà? Èkejì ni ó rú mi lójú jù: nínú ìwé náà, ìdá àwọn tí ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ga ní Àjàṣẹ́ ju ti Kétu lọ. Báwo ni àwọn tí ilé ìwòsàn wà lẹ́nu ọ̀nà wọn yóò ṣe máa pẹ́ ju àwa tí a ń wọ mọ́tò kí a tó dé ibẹ̀?

Oníṣirò (Sábẹ̀ẹ́)

Ẹ kú ìbéèrè. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ó mú ìwé náà wá ni pé, ènìyàn mélòó ni ó ń gbé ìlú kọ̀ọ̀kan? Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2013, kọ́múnù (ìjọba ìbílẹ̀) Àjàṣẹ́ ní nǹkan bí 264,000 ènìyàn, Kétu ní nǹkan bí 157,000, Sábẹ̀ẹ́ tiwa sì ní nǹkan bí 87,000. Bí jẹjẹrẹ bá tilẹ̀ ń mú ènìyàn bákan náà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye ti Àjàṣẹ́ yóò tó ìlọ́po mẹ́ta tiwa. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń béèrè pé ènìyàn mélòó ni àrùn náà mú nínú 100,000 láàárín ọdún kan.

Ọjọ́ orí ni ó tẹ̀ lé e. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà ni jẹjẹrẹ ń súnmọ́ ọn, nítorí náà ìlú tí àgbà pọ̀ sí yóò ní i ju ìlú tí ọmọdé kún inú rẹ̀ lọ, láìjẹ́ pé ohunkóhun bà jẹ́ nínú omi tàbí oúnjẹ wọn. Àwọn oníṣirò a máa ka iye tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọn a wá gbé e lé orí àwùjọ kan náà tí gbogbo ayé fi ṣe òṣùwọ̀n, kí àgbà àti ọmọdé lè dọ́gba níhà méjèèjì. Òṣùwọ̀n tí ó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí Segi, ọmọ orílẹ̀-èdè Japan, gbé kalẹ̀ ní 1960. Bí wọn kò bá ṣe èyí, a kàn ń fi ilé arúgbó wé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ iye kékeré. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ sọ ọ́, iye àròsọ ni o. Ká ní Sábẹ̀ẹ́ kọ obìnrin 4 sílẹ̀ lọ́dún kan pé wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú. Ìlú tí ó kọ 4 sílẹ̀ lọ́dún kan lè jẹ́ ìlú tí ó máa ń rí ẹyọ 1 lọ́dún, ó sì lè jẹ́ ìlú tí ó máa ń rí 10; ìṣirò kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá wá di 8 lọ́dún kejì, rédíò yóò pariwo pé àrùn náà ti di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ kòńgẹ́ lásán ni ó lè jẹ́. Ẹ wá kó ọdún márùn-ún pọ̀. Bí ẹ bá rí 20 nínú rẹ̀, àlàfo náà sún kì: láti nǹkan bí 12 sí 31 láàárín ọdún márààrún. A lè fi ìyẹn bá Kétu dúró, kí a sì sọ̀rọ̀. Ìwé ọdún kan ṣoṣo fún kọ́múnù kékeré bíi tiwa, èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí.

Agbẹ̀bí (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀gbọ́n wa láti Sábẹ̀ẹ́ ti sọ ti ìṣirò, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí iye náà ti ń wá, nítorí pé ọwọ́ bíi tèmi ni ó ń kọ ọ́.

Ìwé ńlá onílà ni, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Ọjọ́, orúkọ, ọjọ́ orí, ibi tí ó ń gbé, ohun tí ó ń ṣe é. Nínú gbogbo ilà yẹn, “ibi tí ó ń gbé” ni ó ń da nǹkan rú jù. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan dé láti abúlé kan ní ìhà Kétu, ó ká àkísà aṣọ sí abẹ́ bùbá rẹ̀ kí omi ọgbẹ́ má baà yọ síta. Ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Mo bi í pé, “Ìyá mi, níbo ni ẹ ń gbé?” Kí ó tó la ẹnu, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti dáhùn pé kí n kọ àdírẹ́sì òun ní Kútọnu, kí ó lè rọrùn láti rí wọn bí èsì bá dé. Ọmọ náà kò purọ́, ilé rẹ̀ ni ìyá ti sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n bí mo ti kọ ọ́ báyìí, ẹnì kan ti kúrò nínú iye Kétu, ó ti wọ inú ti Kútọnu. Òfin iṣẹ́ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ káàkiri ayé ni pé ibi tí aláìsàn fi ṣe ibùgbé ni a ó kà á sí. Ibi tí ó ti gba ìtọ́jú kò kàn wá. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè mi ti yí padà: “Níbo ni ẹ wà nígbà òjò tó kọjá? Níbo ni oko yín wà?” Wọn kì í ṣi èyí sọ.

Ẹ má gbàgbé ẹnubodè náà. Ará Kétu tí ara rẹ̀ kò yá lè gba Ìlárá kọjá, kí ó bá àwọn ẹbí rẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Àwọn tí ó bá tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kò ní kà á mọ́ ará ìlú wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Kétu. Ó ti bọ́ sáàárín nìyẹn.

Ọ̀kan tún kù tí ó máa ń dùn mí. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára kókó ọmú obìnrin kan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgò náà wà lórí pẹpẹ fún oṣù kan àti ààbọ̀, nítorí pé owó àyẹ̀wò kò tíì pé. Obìnrin náà kò padà wá mọ́. Nínú ìwé, “kókó ọmú” ni a kọ síwájú orúkọ rẹ̀, nítorí náà kò sí nínú iye jẹjẹrẹ ìlú kankan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn (Kútọnu)

Ẹ ṣé o, ìyá wa agbẹ̀bí. Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn olóṣèlú máa ń ṣubú sí.

Kí dókítà tó lè sọ pé àrùn wà ní ìpele kan, ó gbọ́dọ̀ mọ bí kókó náà ti tóbi tó, bóyá ó ti wọ àwọn kókó abẹ́ abíyá, àti bóyá ó ti lọ bá ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí egungun. Èyí gba ẹ̀rọ, ó gba owó, ó gba ìrìnàjò. Ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára jù ni kò sábà lè rin ìrìnàjò náà, nítorí náà ààyè ìpele rẹ̀ nínú ìwé yóò ṣófo. Bí wọ́n bá wá fẹ́ ṣe ìṣirò ìdá àwọn tí ó pẹ́, àwọn tí ààyè wọn kò ṣófo nìkan ni wọ́n ń kà.

Ẹ wò ó. Ká ní ìlú kan ní obìnrin 40, gbogbo wọn ni a mọ ìpele wọn, 24 sì ti pẹ́: ìdá 60 nínú 100 nìyẹn. Ìlú kejì náà ní 40, ṣùgbọ́n 15 péré ni a mọ ìpele wọn, 6 nínú wọn ni ó ti pẹ́: ìdá 40. Ẹ ó rò pé ìlú kejì sàn jù. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo àwọn 25 tí a kò mọ̀ ti pẹ́, ó di 31 nínú 40, ìyẹn ju ìdá 77 lọ. Mo fura pé ohun tí ó wà nínú ìwé Kétu nìyẹn. Ẹ béèrè pé mélòó ni ààyè rẹ̀ ṣófo ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí ó mú ìwé wá kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ká ìwé náà padà fún un.

Ẹ̀rọ tí ó dára náà tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti lè rí àmì kékeré nínú ẹ̀dọ̀, ẹni tí à bá kà sí ìpele kejì yóò di ti ìkẹrin. Dókítà Feinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé èyí láti 1985. Ìlú tí ó ní ẹ̀rọ yóò dà bí ìlú tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi àìsàn ṣeré.

Bákan náà, kí ẹ má fi ojú kan ṣoṣo wo ìdá. Ká ní 30 nínú 40 ti pẹ́ lọ́dún yìí, ìdá 75. Ẹ ṣe ìpolongo, ẹ sì rí ogún obìnrin mìíràn tí àrùn wọn ṣì kéré. Ó di 30 nínú 60, ìdá 50. Wọn yóò yìn yín, bẹ́ẹ̀ 30 tí ó pẹ́ ṣì jẹ́ 30. Iye àwọn tí ó pẹ́ nínú 100,000 obìnrin ni ó yẹ kí a tún kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fẹ́ kí ó kéré tán ìdá 60 nínú 100 àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú mọ̀ ọ́n ní ìpele kìíní tàbí ìkejì. Láti mọ̀ bóyá a ti débẹ̀, a nílò àkọsílẹ̀ tí ó ka gbogbo olùgbé àgbègbè kan, irú èyí tí Ìbàdàn ti ní láti 1962. Ní Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín, Kútọnu ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀.

Ní ti ẹ̀fọ́ àti iṣu: kòkòrò àìfojúrí HPV ni ó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, oríṣi 16 àti 18 nìkan sì wà nídìí nǹkan bí 70 nínú 100 rẹ̀. Kòkòrò yìí kì í wo ohun tí a sè.

Àgbẹ̀ Ọlọ́pẹ (Pọ́bẹ̀)

Ẹ ń ka ènìyàn, ẹ ń ṣe ìdá, ó dára. Obìnrin tí ó mọ kókó lára ọmú rẹ̀ láti ìgbà ọkà, tí kò rí owó mọ́tò, kí ni ìdá yín ṣe fún un?

Agbẹ̀bí (Àjàṣẹ́)

Bàbá mi, ìbéèrè yín tọ́. Èsì mi ni pé ìdádúró méjì ni ó wà, oògùn wọn kò sì jọra. Ọ̀kan wà láàárín ọjọ́ tí ó fọwọ́ kan kókó àti ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa: owó mọ́tò wà níbẹ̀, àgbo wà níbẹ̀, ìtìjú náà wà níbẹ̀. Èkejì wà láàárín ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa àti ọjọ́ tí èsì jáde, àwa òṣìṣẹ́ ni ó sì ni ẹ̀bi ìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kí ó ju 60 ọjọ́ lọ. Ìgò orí pẹpẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti jẹ 45 nínú rẹ̀. Bí Kétu bá rí i pé ìdádúró àkọ́kọ́ ni ó gùn jù, kí wọ́n rán agbẹ̀bí lọ sí abúlé. Ní ti ọrùn ilé-ọmọ, ọtí kíkan àti iná tọ́ọ̀ṣì tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa tó láti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò lọ́wọ́ agbẹ̀bí tí a ti kọ́. Bí ó bá jẹ́ ìkejì ni, ẹ fi owó sí ọ̀nà tí ìgò ń gbà.

Ọmọ Ìdẹ́nà (Kétu)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bẹ alábòójútó ilé ìtọ́jú wa, ó gbà kí a fa ilà mẹ́ta kún ìwé rẹ̀: ibùgbé gan-an, ọjọ́ tí aláìsàn kọ́kọ́ rí àmì, àti ìpele, tí a ó kọ “a kò mọ̀” sí bí ó bá ṣófo. Ìṣòro kan yọjú lánàá. Ìyá àkọ́kọ́ tí a bi léèrè ọjọ́ tí ó rí kókó ní “ó ti pẹ́.” Kí ni kí a kọ?

Agbẹ̀bí (Àjàṣẹ́)

Ẹ má béèrè oṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í bóyá kókó ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹ iṣu tuntun, tàbí nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó kéré jù ń rákò. Tí ó bá ti mú ọ̀kan, ẹ kọ oṣù tí ó bọ́ sí, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́, torí pé ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò rántí dáadáa bí ó bá tẹ̀ lé e wá lẹ́ẹ̀kejì.